Àkọ́sórí Gẹ̀ẹ́sì Ńláńlá Kì í Ṣe Ìmọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ilé-ìwé wà, ó sì kan ẹ̀yin olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti di àṣà ní ilẹ̀ wa pé bí ẹnì kan bá dìde láàárín àwùjọ, tí ó sì da Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àtẹ́wọ́ ni a ó pa fún un, a ó sì máa wí pé, "Ọkùnrin yìí kàwé!" Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ ní ohun tí ọkùnrin náà wí, wọn yóò máa wo ojú ara wọn. Ohun tí kò yé wọn gan-an ni wọ́n ń yìn. Àwọn àgbà wa kò ní gbàgbé olóògbé Kingsley Ozumba Mbadiwe, òṣèlú pàtàkì ní ìgbà òmìnira, ẹni tí òkìkí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kàn yí Nàìjíríà ká. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, Mbadiwe mọ ohun tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe; ó ń fi dá àwùjọ lára yá ni. Àwọn tí ń ṣe àfarawé rẹ̀ ni kò mọ̀ pé eré ni.

Láti orí pèpéle òṣèlú, àṣà náà ti wọ kíláàsì. Ẹ yẹ àpò ọmọ ilé-ìwé gíga wò, ẹ ó bá ìwé pélébé kan níbẹ̀ tí a to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gíga sí: ọ̀rọ̀ kan lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún tí a pè ní ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé, ọmọ yóò máa kọ́ ọ sórí lóru bí ẹni ń ka àwọn ìlẹ̀kẹ̀ sínú igbá. Ìdánwò a bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ òmíràn. Bí orí bá ṣe é, yóò mú èyí tí ó tọ̀nà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, igbá ti dànù, ìlẹ̀kẹ̀ sì ti fọ́n ká.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kò bá èdè Gẹ̀ẹ́sì jà. Òun ni a fi kọ òfin wa, òun ni a fi ń bá ará Kánò àti ará Kàlàbá ṣòwò, òun ni ó sì ṣílẹ̀kùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé fún wa. Ohun tí àwa ń wí ni pé ọ̀rọ̀ tí a kọ́ sórí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a mọ̀. Àti pé òṣùwọ̀n tí ọmọ Yorùbá yóò fi mọ̀ bóyá òun mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni kí ó lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ọ́ yékéyéké.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gíga ti wá

Kí a tó máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ gíga, ó yẹ kí a bèèrè ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1066, William, olórí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, kó ogun ja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣẹ́gun, ó sì jọba lé wọn lórí. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí 300 ọdún, èdè Faransé ni èdè ààfin àti ti àwọn ìjòyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wá di èdè àgbẹ̀ àti ti ìránṣẹ́. Àpá ogun náà wà lára èdè náà títí di òní. Ẹran tí ó wà láàyè nínú pápá ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, "cow" àti "sheep". Bí a bá ti pa á tí ó dé orí tábìlì ọlọ́lá, ó di "beef" àti "mutton", èyí tí í ṣe orúkọ Faransé. Ẹni tí ń da ẹran ń sọ èdè kan, ẹni tí ń jẹ ẹ́ ń sọ òmíràn. Bákan náà ni "begin" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ onílé, tí "commence" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ajagunṣẹ́gun. Ohun kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń wí.

Ní ọdún 1362, wọ́n ní láti ṣe òfin ní ilé ìgbìmọ̀ wọn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi ro ẹjọ́ ní kóòtù, nítorí pé Faransé kò yé àwọn ará ìlú tí a ń bá ṣẹjọ́. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, ẹ gbọ́ bí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti dúró rí nínú kóòtù lórí ilẹ̀ baba wọn, tí a ń fi èdè tí wọn kò gbọ́ rojọ́ lé wọn lórí.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀rọ̀ Látìn àti ti Gíríìkì wọlé. Ní 1553, Thomas Wilson kọ ìwé kan lórí ọnà ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ àjèjì ṣe fáàrí; ó ní bí ìyá àwọn mìíràn nínú wọn bá wà láàyè, kò ní mọ ohun tí ọmọ òun ń wí. Ní 1604, Robert Cawdrey tẹ ìwé kan jáde tí a kà sí ìwé atúmọ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí 2,500 ọ̀rọ̀ líle ni ó kó jọ sínú rẹ̀. Ta ni ó kọ ọ́ fún? Kì í ṣe fún wa. Fún àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí èdè ilé wọn ti di àjèjì létí wọn ni.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ gíga kò ga nítorí pé ọgbọ́n inú rẹ̀ ju ti ọ̀rọ̀ kékeré lọ. Ó ga nítorí pé ẹni tí ó mú un wá ni ó jókòó sórí àga gíga. Èyí kò sọ ọ́ di aláìwúlò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ mìíràn kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n kí a máa lò ó nítorí iṣẹ́ rẹ̀, kí a má ṣe lò ó nítorí àga. Nígbà tí àwa wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní òkè òkun, ohun tí àwọn olùkọ́ èdè ibẹ̀ ń tẹnu mọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀rọ̀ tí ó kéré jù lọ tí ó bá lè jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Àwọn tí wọ́n ni èdè ń sá fún ohun tí àwa tí a yá a ń lé kiri.

Ohun tí mímọ ọ̀rọ̀ jẹ́

Ní ọdún 1924, Ọ̀gbẹ́ni A. S. Hornby lọ sí ilẹ̀ Jàpáàn láti kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Gatenby àti Wakefield, ṣe ìwé atúmọ̀-èdè kan tí a tẹ̀ ní Tokyo ní 1942. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford tún un tẹ̀ ní 1948, òun ni ó sì di ìwé tí ó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ wa títí di òní. Kí ni ó fi yàtọ̀? Àwọn ìwé ti ìṣáájú ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọ onílé tí ó ti mọ bí a ti ń lò ó láti ìgbà tí ó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìwé Hornby ń sọ fún àlejò bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn: irú gbólóhùn tí ó ń bọ́ sí, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń bá kẹ́gbẹ́, àti àpẹẹrẹ tí ó gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun kejì ni èyí. Ní 1953, Michael West tẹ àkójọ nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wúlò jù lọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Longman sì tẹ ìwé atúmọ̀-èdè tiwọn jáde ní 1978, nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n fi túmọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ yòókù. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin olùkọ́: ọ̀rọ̀ kékeré ni ó gbé ọ̀rọ̀ ńlá pọ̀n. Ọmọ tí kò tíì mọ tilé, báwo ni yóò ṣe mọ toko?

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a máa bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Àwọn wo ni ó ń bá rìn? Níbo ni a ti ń lò ó? Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ìbéèrè yìí yẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún lórí òṣùwọ̀n

Èkíní ni "perpetrate". Ìwé pélébé wí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ṣe". Ọmọ yóò wá kọ ọ́ pé bàbá òun "perpetrated a good deed". Ọmọ náà kọ́ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń kó. Ibi nìkan ni a ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe: "They perpetrated a fraud", àwọn ni wọ́n lu jìbìtì náà. Ǹjẹ́ àwa Yorùbá kò mọ irú èyí bí? A máa ń dá ọ̀ràn, a máa ń dá ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá oore, ṣíṣe ni a ń ṣe é. Bí olùkọ́ bá ti fi èyí hàn án, ọmọ kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Èkejì ni "disinterested". Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ọ̀ràn kò kàn rárá, tí kò bìkítà, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Èyíinì ni "uninterested". "A judge must be disinterested" túmọ̀ sí pé adájọ́ kò gbọdọ̀ ní ìpín nínú ẹjọ́ tí ó ń dá. Bí adájọ́ bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ yìí, ìlú yóò tòrò. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, a óò máa gbé aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, adájọ́ yóò sì máa tòògbé.

Ẹ̀kẹta ni "sanction", ọ̀rọ̀ olójú méjì. "The council sanctioned the new market": ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ọjà tuntun náà. "The council imposed sanctions on the traders": ìgbìmọ̀ fi ìyà jẹ àwọn oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gbà láàyè, òun náà ni ó sì na pàṣán. Èyí kò yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. A ń wí pé Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ olè, a sì ń wí pé olè gba owó wa. Ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá kó ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni "oversight". "The committee has oversight of the funds": ìgbìmọ̀ náà ni ó ń bójú tó owó náà. "The funds were left out through an oversight": àìfiyèsí ni ó mú kí a yọ owó náà sílẹ̀. Àwọn aṣòfin wa a máa wí pé àwọn ń lọ ṣe "oversight" ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Bí a bá wo bí owó ìlú ti ń pòórá, a kì í mọ èwo nínú ìtumọ̀ méjèèjì ni wọ́n lọ ṣe.

Ẹ̀karùn-ún ni ó burú jù, òun ni "severally". Lẹ́nu àwa ọmọ Nàìjíríà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "lọ́pọ̀ ìgbà": "I have called him severally." Ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford gba ìtumọ̀ wa yìí wọlé ní 2020, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ Nàìjíríà mìíràn bíi "danfo" àti "tokunbo", a kò sì ní tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin, "lọ́kọ̀ọ̀kan" ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Bí a bá gbé ìwé onídùúró kalẹ̀ fún yín, tí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé "The guarantors are jointly and severally liable for the debt", ohun tí ó ń wí ni pé gbogbo onídùúró ni ó jùmọ̀ jẹ gbèsè náà, àti pé olówó lè mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kí ó san gbogbo rẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá ṣe onídùúró, tí méjì sì sá lọ, ẹni tí ó kù nílé ni yóò ru gbogbo ẹrù. Ẹni tí ó ti kọ́ ọ sórí pé "lọ́pọ̀ ìgbà" ni yóò fi ẹ̀rín fọwọ́ sí i, yóò sì fi ẹkún san án.

Ẹ kò ha rí i pé ọ̀ràn yìí ti kọjá ti ìdánwò? Ilé baba ẹni lè bọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fi ìwé náà síwájú wa kò parọ́ fún wa; a ti fi ọwọ́ ara wa sọ ara wa di ẹni tí ń yin ohun tí kò yé e.

Òṣùwọ̀n wa wà nílé

Ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀rọ̀ márààrún tí a gbé yẹ̀ wò, èdè Yorùbá ni ó tú u palẹ̀. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ó mọ̀ pé ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan bọ́ sí èkejì gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin ní etí odò méjèèjì.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà jẹ́rìí sí i pé àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, pàápàá nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti pa ìlànà náà tì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìpìlẹ̀. Ó ní ìkùnà nínú ìdánwò ti pọ̀ níbi tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ni.

Àwa kò rò pé ìjọba fẹ́ ibi fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní lẹ́yìn tí a fọwọ́ sí ìlànà náà kò tíì jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a pa á tì, áńbọ̀sì kí ó ti jókòó ṣe ìdánwò WAEC. A ti fa irúgbìn tu, a sì ń wí pé èso rẹ̀ korò. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fún ni lápá, a dí ni lọ́rùn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé ọ̀rọ̀ kékeré kò lè gbéni dé ibi gíga, kí ó rántí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìwé tí ó kà kò pọ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀mùtí ẹlẹ́mu jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ tí èémí Yorùbá wà nínú rẹ̀ ni ayé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń kà á títí di òní. Ta ni ó rántí gírámà àwọn tí ń tijú nítorí rẹ̀?

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀nà kò jìn. Dípò kí ọmọ kọ́ àádọ́ta ọ̀rọ̀ sórí lọ́sẹ̀ kan, ẹ fún un ní márùn-ún. Kí ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì wọ́ọ́rọ́wọ́ túmọ̀ rẹ̀. Kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń bá rìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó sì fi ṣe gbólóhùn méjì nípa ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ní ọjà, ní oko, tàbí ní àdúgbò. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀, di 150 lọ́dún. Ní ọdún mẹ́fà, ó di 900 ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ délé délé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún un ní ìwé kan láti mú lọ sílé: ìkéde láti ilé ìwòsàn, ìwé ilẹ̀, tàbí ìwé àdéhùn owó yíyá. Kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bí ó bá yé màmá, ọmọ náà ti yege. Bí kò bá yé màmá, kí olùkọ́ má ṣe bínú sí màmá.

Ní ti àwa ará ìlú, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun àtẹ́wọ́ òfo. Bí òṣèlú bá dìde tí ó ń fọ́n Gẹ̀ẹ́sì, kí a fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, kí ni ẹ wí ní èdè wa?" Bí ó bá ní ohun kan láti wí, yóò wí i. Bí kò bá ní, gbogbo wa yóò mọ̀.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ tí a ti lò gbó ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ni. Èyí tí a kó sínú àpótí láti fi ṣe fáàrí lọ́jọ́ ọdún, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kọ́ ọ jinlẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè fi í rẹ́ wọn jẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ìyá wọn fún wọn.